Dry Shampoo Kì í Ṣe Omi àti Ọṣẹ

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Ìlú Ọba. Nọ́ọ̀sì yín ni.

Irun àwọn òyìnbó mìíràn fẹ́lẹ́, òróró orí wọn sì máa ń tètè mú un lẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo dry shampoo. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń fa òróró mu ni, kì í fọ orí.

Èmi tí mo mọ èyí gbàgbé rẹ̀. Màmá kan wà tí mo ń lọ tọ́jú nílé, tí kò lè dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fín in sí i lórí, tí mo ń ya irun rẹ̀, tí màmá ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo wá fọ orí náà ni mo rí egbò lẹ́yìn orí, níbi tó ń gbé lé ìrọ̀rí. Ojú tì mí. Ọpẹ́ ni pé kò tíì jìn, ó sì jinná.

Ẹ jọ̀ọ́:

1. Ẹ la irun, kí ẹ yẹ awọ orí wò dáadáa kí ẹ tó fín ohunkóhun sí i.
2. Ẹ má fín in nítòsí iná, sìgá tàbí ẹ̀rọ ọ́síjìn. Ó lè gbaná.
3. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ti tó, kí omi àti ọṣẹ tẹ̀lé e. Abọ́ ìfọrí wà fún ẹni tó dùbúlẹ̀.

Irun tó dára lójú lè bo egbò mọ́lẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.