Ẹni Tí A Ò Mọ̀

Ní ọdún 2019, màmá mi ka ₦25,000 lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ra fóònù. Owó ata ni. Ṣàngó níbí ni wọ́n ti ń tà á, ojú kan náà láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Mo rí fóònù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń dán gbinrin. Mo sanwó. Ìgbà tí páálí dé, òkú fóònù ló wà nínú ẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á títí, nọ́ńbà ò lọ mọ́.

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?" Mo ní rárá. "O wá sanwó?" Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́, ṣùgbọ́n nídìí ọrọ̀ ajé ni mo ti bá ọ̀rọ̀ mi pàdé. Ní 1970, George Akerlof ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ẹni tó ń ta mọ́tò àlòkù mọ àléébù ẹ̀, ẹni tó ń rà ò mọ̀. Ẹ̀rù á ba ẹni tó ń rà, owó kékeré lá dá. Ẹni tí mọ́tò tiẹ̀ dáa á bá gbé e kúrò lọ́jà. Jákujàku ló máa kù.

eBay, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ní kí oníbàárà máa fún ẹni tó tà ní máàkì. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, wọ́n gbà kí èèyàn sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2001 ni Eric Friedman àti Paul Resnick ti tọ́ka sí ibi tí ilé máàkì ti ń jò: lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ò wọ́n. Ẹni tó lu jìbìtì lónìí á gba orúkọ mìíràn lọ́la. Nítorí náà, gbogbo ẹni tuntun ni wọ́n á máa fura sí, olóòótọ́ á sì bá wọn jẹ nínú ìyà ẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà táwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ṣàngó, ọdún kan gbáko làwọn fi ń bu èènì rẹpẹtẹ káwọn tó ní oníbàárà kan ṣoṣo.

Ní báyìí, mò ń bá wọn ta ata gbígbẹ lórí WhatsApp. Ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgbowó, kọ ọ́ sí mi pé, "Mi ò mọ̀ ẹ́ o. Gbé e wá ná." Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tó yá, mo rántí òkú fóònù. Mo wọ Micra lọ sí Àgbowó, mo sì bu èènì sí i.