Tíkẹ́ẹ̀tì Kan, Ọkọ̀ Méjì

Láti ibùdókọ̀ CMS, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn dé Glover Hall ní Erékùṣù Èkó. Ibẹ̀ ni Hubert Ògúndé ti gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí ó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá. Ìjọ aládùúrà kan ni ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè rí owó kọ́ ilé ìjọsìn. Kí aṣọ ìtàgé tó ṣí, ó ti ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ òṣèré tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè. Ó ní àwọn ènìyàn a máa yin eré wọn lórí Instagram, àga a sì ṣófo. Èmi kò bá wọn wí. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo rí bí èrò ti ń dù láti wọ ọkọ̀ Ìkòròdú àti Ọ̀ṣòdì. Ta ni nínú wọn tí yóò jókòó wo eré di aago mẹ́wàá? Ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ra wàhálà òru mọ́ ọn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé eré wá sí aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé. Wọ́n ń ta ogún tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní ẹ̀dínwó fún ìjọ, fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, àní fún ẹgbẹ́ alájọ, kí wọ́n lè jọ háyà bọ́ọ̀sì wá, kí wọ́n sì jọ padà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó ń gba owó (kò sì sí ajẹgbèsè tí ó lè sá fún akọ̀wé ẹgbẹ́).

Ní Sátidé tí mo lọ wò wọ́n, bọ́ọ̀sì méjì ti gúnlẹ̀ kí aago méjì tó lù. Àwọn ìyá kan ti ń bèèrè ẹni tí ń ta ẹ̀pà.