Aṣọ Ọdẹ àti Àwọn Tí Ó Hun Ún

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ." Òwe yìí kì í dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé kíjìpá ni bàbá bàbá mi ń wọ̀ lọ sí igbó ní Ìwàrà, ẹni tí ó sì ń fi òru ṣọdẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Aṣọ náà nípọn. Ẹ̀gún kò tètè fà á ya.

Bí a bá rí gbérí ọdẹ, ọdẹ nìkan ni à ń yìn. Ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ran òwú, tí ó sì hun kíjìpá lórí òfì tí ó dúró lóòró. Aláró ni ó fi ewé èlú àti omi eérú pa á láró. Ẹ̀yìn èyí ni aránṣọ rán an, kí ọdẹ tó so oògùn àti owó ẹyọ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó tẹ̀lé Ògèdèǹgbé lọ sí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a kò tú ibùdó rẹ̀ ká títí di 1893. A rántí balógun. Ta ni ó rántí ahunṣọ?

Ní 1897, BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe. Aṣọ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń wọlé. Àwa Ìjẹ̀ṣà gan-an ni òṣómàáló tí ń gbé aṣọ òyìnbó kiri ìletò, tí ń lóṣòó ti onígbèsè. Òwò yìí kọ́ ilé, ó rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n òfì àwọn ìyá wa fara gbá a.

Nígbà tí bàbá àgbà kú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ kí a fi gbérí náà pamọ́ fún àwọn ọmọ. Àwọn ọdẹ kọ̀. Wọ́n ní ìpà ọdẹ kò pé bí ẹrù olóògbé kò bá wọ igbó. Mo gbà pé àwọn ọdẹ jàre, nítorí òkú ni ó ni ẹ̀wù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kọ́ ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin tí ó hun ún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tí ó ṣì mọ òfì. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ti ń ta òwú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.