Igbó Tó Yẹ Kí Olùfẹ́ Ewé Yà Sí

 

Tí ẹnì kan nínú ilé wa bá fẹ́ rìnrìn àjò, àwọn ọmọ á bi mí pé, "Bàbá, níbo la lè yà sí ká rí igi?" Wọ́n mọ̀ pé ewé lèmi máa ń wò kiri. Ẹni tó ń bọ Òsanyìn kò yẹ kó gba ìlú kan kọjá láìmọ ohun tó ń hù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ àwọn ibi tó yẹ sílẹ̀, kí n sì sọ ohun tó mú kí igi ṣẹ́kù síbẹ̀. Ohun tó mú un ṣẹ́kù yẹn ló ká mi lára jù, torí ọ̀rọ̀ igbó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Màá débẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ilẹ̀ Kabba wa yìí, ibi tí ọ̀dàn àti igbó ti pàdé ni. Igi òrí àti igi irú ń hù lọ́dọ̀ wa, obì, orógbó àti ìrókò náà ń hù. Kọfí wà ní ilẹ̀ Ìjùmú. Ẹ gba ọ̀nà Kabba lọ sí Ọ̀mùó, kí ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: bí ẹ ṣe ń sún mọ́ Èkìtì ni igi ń ga sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn nínú mọ́tò kọjá níbẹ̀. Ẹ má sùn.

Tí ẹ bá ti gba Èkìtì já, ẹ kọrí sí Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Oríṣi igi àti ewé inú rẹ̀ ju 400 lọ, èyí tí a mọ̀ sí oògùn nínú wọn sì ju 200. Ní 1965 ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè; ní 2005 UNESCO fi í kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìwé nìkan ló gba igbó yẹn là. Ní àwọn ọdún 1950, díẹ̀ ló kù kó bọ́. Wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja, wọ́n tiẹ̀ ti gbin igi tíìkì sínú rẹ̀. Àwọn àwòrò ló dìde, pẹ̀lú Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère, wọ́n mọ odi, wọ́n sì dúró ti èèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi. Àdùnní papò dà ní 2009. Igbó ṣì wà, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi.

Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí Ìbàdàn. Ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, igbó kan wà tó tó hẹ́kítà 350. Ẹ tọrọ àyè lẹ́nu géètì kí ẹ tó wọlé. Apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, oko ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n dáàbò bò ó, igbó sì padà wá fúnra rẹ̀. Ní FRIN, ilé ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò, ẹ óò rí ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí. Ó ju 100,000 lọ, wọ́n lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ pépà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti já a. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ewé orí pépà kò ṣeé gún, kò sì ṣeé fi wẹ orí.

Ẹni tó bá lè sọdá ẹnubodè, kó dé Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ọgbà ewéko kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ igbó ọba nígbà kan rí, kí àwọn Faransé tó gbà á, tí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà. Ní Ouidah, igbó Kpassè wà. Wọ́n ní ọba Kpassè kò kú, ìrókò ló dà, wọ́n sì ń fi ìrókò náà han àlejò. Ní 2012, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin gbé àṣẹ jáde tó dá igbó òrìṣà mọ̀ lábẹ́ òfin. Èyí wù mí fún tiwa.

Ibi tó jìnnà jù ni Bahia ní Brazil. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò bá ìrókò níbẹ̀. Igi kan tó bá ọ̀pọ̀tọ́ tan, tí wọ́n ń pè ní gameleira, ni wọ́n rí. Wọ́n so aṣọ funfun mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní Ìrókò títí dòní. Àwọn náà ló ń rán wa létí pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà.

Ibikíbi tí ẹ bá yà sí, ẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó kí igi. Ẹ san owó ìwọlé. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ. Ẹ má já ewé kankan láìgbàṣẹ.

Ó wá ku tilé. Igbó kékeré kan wà lẹ́yìn agboolé wa, níbi tí àwọn bàbá wa ti ń já ewé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn onígẹdú kó owó wá, ìrókò méjì ni wọ́n fẹ́. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká gbà á, torí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti wọ̀ wá lọ́rùn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Owó náà nira lóòótọ́. Ìyá wa àgbà kàn bi wọ́n pé, "Tí owó bá tán, ta la ó lọ máa kí níbẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú àwọn ibi tí mo kà sílẹ̀ yìí ni pé igbó kì í ṣẹ́kù torí pé ó lẹ́wà. Ó ń ṣẹ́kù níbi tí ẹnì kan bá wà tó ń lọ síbẹ̀, tó ń bọ ọ́, tó ń pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́, tó sì ń fi han ọmọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dá níbẹ̀ ni ayùn máa ń dé. Nítorí náà mo ti bẹ àwọn ọ̀dọ́ ilé wa pé ká jọ máa wọgbó wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ ewé méje lórúkọ kí ọdún tó yí po. Ká jọ dá owó ilé ìwé jọ, kó má baà jẹ́ pé igi nìkan la ní láti tà. Ẹ̀yin náà, ẹ bi ara yín léèrè nílé: ta ló wọ igbó wa gbẹ̀yìn?

Kí Òsanyìn má jẹ́ kí ewé tán lọ́wọ́ wa. Àṣẹ.