Di Ìdí Irun Mú

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi í wọgbà. Bí ọ̀rọ̀ irun ajá onírun gígùn ṣe rí gan-an nìyí. Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni irun ń lọ́ pọ̀ tí ó fi ń dì mọ́ ajá lára bí ìtẹ́ ẹyẹ. Lónìí a gbàgbé, lọ́la a ní ó di ọ̀túnla. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá sì fi kọjá, ohun tí ìka lásán ìbá tú ti di ohun tí òòyà kò lè wọ̀ mọ́. Ìdílé kan ní ìlú Ìbàdàn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lára ajá wọn, díẹ̀ ni ó sì kù kí wọ́n kọ́ ọ pẹ́ jù.

Ajá funfun kékeré ni ajá náà, irú èyí tí a ń pè ní Lhasa Apso. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ń sin ajá nínú ilé ni ó fẹ́ràn irú rẹ̀, Lhasa lásán ni wọ́n sì sábà máa ń pè é. Ọmọ oṣù méjì ni nígbà tí bàbá ilé gbé e wálé fún àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá. Láti orí fóònù ni ìyá àgbà tí ó bí bàbá ilé ti sọ ajá náà ní Tanímọ̀la, nítorí pé bí ajá bá ti ń sùn nínú yàrá onítáìsì báyìí, ta ni ó mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá? Irun rẹ̀ funfun bí òwú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kò sí àlejò tí kì í fọwọ́ pa á lórí.

Orílẹ̀ irú ajá yìí jìnnà sí Ìbàdàn. Ní ilẹ̀ Tibet tí ó wà lórí òkè gíga ni wọ́n ti ń sìn ín láti ayébáyé, Lhasa tí í ṣe olú-ìlú ibẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Inú ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti ti àwọn ọlọ́lá ni ó ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa gbó bí àjèjì bá wọlé. Ní ọdún 1933, Dalai Lama kẹtàlá fi méjì ta ará Amẹ́ríkà kan, Suydam Cutting, lọ́rẹ. Ní 1935, American Kennel Club fi irú ajá náà kún àwọn tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà. Nítorí òtútù òkè ọ̀hún ni irun gígùn náà ṣe wà. Ajá ìbílẹ̀ Yorùbá kò ní irú wàhálà yìí: irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara, èyí tí ó bá sì re á bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí wọ́n bí sí agboolé ọlọ́dẹ pàápàá fi lè dàgbà láìmọ ohunkóhun nípa irun ajá yíyà.

Ti Lhasa kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tí ó bá re kì í bọ́ sílẹ̀ tán. Inú èyí tí ó kù lára ni ó ń há sí. Níbi tí ara bá ti ń fi ara ra, irun tí ó ti kú á lọ́ mọ́ èyí tí ó wà láàyè. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ ìgbànú ọrùn, abíyá, abẹ́ itan àti ìdí ìrù ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ajá bá ń lọ sí ọmọ ọdún kan, tí irun ọmọdé ń kúrò tí irun àgbà ń wọlé, ni ọ̀ràn náà máa ń le jù.

Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ó ń fi omi àti ọṣẹ wẹ Tanímọ̀la, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó fi ń gbá irun orí tirẹ̀ gbá a láti orí dé ìrù. Òkè irun á máa dán. Ṣùgbọ́n òkè náà nìkan ni búrọ́ọ̀ṣì ń dé. Nísàlẹ̀, nítòsí awọ, irun ti ń so kókó. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé bí omi bá kan kókó irun tí a kò tíì tú, bí ó bá ti ń gbẹ ni yóò máa sún kì, tí yóò sì máa le sí i. Yíyà ni ó yẹ kí ó ṣáájú wíwẹ̀. Ìfẹ́ ni ọmọ náà rò pé òun ń fi hàn. Okùn ni ó ń dì mọ́ ajá lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dá, Tanímọ̀la ti yí padà. Ajá tí ó máa ń fò mọ́ bàbá ilé lẹ́nu ọ̀nà wá ń wọ abẹ́ àga. Ó ń rìn bí ẹni tí aṣọ fún lábíyá. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, á máa kùn. Bàbá ilé ní ó ti ya ẹhànnà, òun yóò wá ẹni tí yóò rà á. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó pinnu láti gé àwọn ibi tí ó dì náà kúrò kí ajá lè dùn ún wò lójú oníbàárà. Ó ki àlùmọ́gàjí bọ abẹ́ kókó tí ó wà lẹ́yìn etí òsì, ó sì fi ọwọ́ kejì fà á sókè. Awọ ajá fẹ́lẹ́ ju ti ènìyàn lọ. Bí a bá fa irun rẹ̀, awọ á bá a dìde bí àgọ́, ojú kò sì ní mọ ibi tí irun parí sí. Àlùmọ́gàjí gé irun, ó gé awọ. Ajá ké, ó yíjú padà, ó sì gé bàbá ilé jẹ ní àtàǹpàkò.

Wọ́n fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá ilé lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Oníṣègùn ẹran rán ẹ̀yìn etí ajá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá ní Tanímọ̀la yóò lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọmọ kò jẹun.

Ìyá àgbà wá láti Ọ̀yọ́ láti kí ọmọ rẹ̀ kú ewu. Onídìrí ni ìyá náà kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti di ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ fún orí tí kò lóǹkà. Ó jókòó lórí àpótí, ó pe ajá náà, kò sì na ọwọ́ sí i. Nígbà tí ajá fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan wá inú irun rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ó sì mi orí.

“Ta ní ń ya irun fún un?”

“Èmi ni, Ìyá àgbà. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbá a.”

“Òrùlé lo ń gbá, ọmọ mi, o ò gbá ilé. Wá fi ọwọ́ rẹ kan ibí.”

Bàbá ilé ní, “Màámi, ẹ rọra o. Ajá yẹn ń gé ni jẹ.”

“Bí wọ́n bá ń fa ìwọ náà nírun tọ̀sán-tòru, ìwọ náà á gé ni jẹ. Ṣé o ti gbàgbé bí àbúrò rẹ obìnrin ṣe máa ń sá lọ sílé aládùúgbò bí ó bá ti rí òòyà lọ́wọ́ mi? Ṣé mo tà á ni?”

Ó tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ rẹ̀ kò sì lè kọ̀ fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó fi kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ibi tí ọwọ́ òsì yóò wà. Ọwọ́ òsì ni yóò di ìdí irun mú, láàárín kókó àti awọ, kí ó má baà jẹ́ pé awọ ni yóò máa jẹ ìyà gbogbo fífà tí ọwọ́ ọ̀tún ń fà. Ìkejì ni pé ṣóńṣó irun ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí. Ẹni tí ó bá ki òòyà bọ ìdí irun tí ó sì wọ́ ọ jáde, ńṣe ni yóò kó gbogbo kókó jọ sójú kan. Ìka ni ó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: wọn á fi ya kókó ńlá sí méjì, wọn á ya méjì sí mẹ́rin. Ìyẹ̀fun àgbàdo lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ tí wọ́n bá fi pa kókó gbígbẹ a máa jẹ́ kí irun yọ̀ kúrò lára irun. Lẹ́yìn náà ni òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yóò wọlé, kí ó tó kan èyí tí eyín rẹ̀ súnmọ́ra. Ìlà-ìlà ni wọ́n ń yà á, bí ẹni ń la irun fún dídì. Ibi tí òòyà bá ti kọjá láti awọ dé ṣóńṣó láìkọsẹ̀, ibẹ̀ ti tú nìyẹn. Bí òòyà bá dúró, òkè nìkan ni ó dára.

Kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ajá bá ti ń lá ètè, tí ó ń yíjú kúrò, ìyá àgbà á ní ó tó. Ẹran wẹ́wẹ́ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí kókó kan bá tú, ajá á jẹ ọ̀kan.

Síbẹ̀, orí ènìyàn kì í ṣe ara ajá. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà ní kí wọ́n bá òun gbé àdín wá.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Dókítà ní gbogbo ohun tí a bá fi pa á lára ni yóò lá.”

Ìyá àgbà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé ìgò náà padà. Òótọ́ ni ọmọ sọ. Àdín kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, kókó á sì tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni kẹrosíìnì àti òróró ẹ́ńjìnnì tí àwọn kan fi ń pa ajá tí ara ń yún. Ìyẹn lè gba ẹ̀mí ajá. Láti ọjọ́ náà, àgbà ń kọ́ ọmọ ní ọwọ́, ọmọ ń sọ ti dókítà fún àgbà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, kókó tí ó wà ní abíyá ọ̀tún là. Èèmọ́ gbígbẹ kan ni ó wà láàárín rẹ̀. Ó ti ha awọ ibẹ̀ títí ó fi pọ́n, ibẹ̀ tutù, ó sì ń rùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Eégbọn méjì tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eégbọn a máa gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, abẹ́ irun tí ó dì sì ni ibùba tí ojú kì í tètè dé. Ìyá àgbà gbé èèmọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó pe bàbá ilé.

“Ọmọ mi, ẹhànnà tí o fẹ́ tà nìyí.”

Bàbá ilé wo èèmọ́ náà pẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Kò sì dárúkọ oníbàárà mọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó tú. Nígbà tí wọ́n lọ yọ okùn tí wọ́n fi rán etí, oníṣègùn ẹran wo abẹ́ itan méjèèjì, ó ní ìkà ni kí ènìyàn máa fi òòyà jà níbẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ ìgẹrun gẹ̀ ẹ́. Tanímọ̀la jáde bí adìyẹ tí òjò pa. Ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá àgbà ní, “Irun ni, kì í ṣe etí. Yóò hù.” Oníṣègùn náà fi kún un pé ẹni tí kò bá ní àyè láti ya irun lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ kejì-kejì lè jẹ́ kí wọ́n máa gẹ irun ajá rẹ̀ kúrú, láìjẹ́ pé wọ́n fá a kan awọ, kí oòrùn má baà jó o. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ irú ọmọ tí í máa kùn bí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gé ni jẹ ni ó ya ẹhànnà. Èèmọ́ ń bẹ lábíyá ẹlòmíràn.

Ìyá àgbà ti padà sí Ọ̀yọ́. Àpá eyín wà ní àtàǹpàkò bàbá ilé, àpá àlùmọ́gàjí wà lẹ́yìn etí ajá. Ní ìrọ̀lẹ́, kí iná tó tàn, Tanímọ̀la á wá na ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ bàbá ilé. Ọmọ á mú òòyà. Bàbá á sì fi ọwọ́ òsì di ìdí irun mú.