Kẹ́mísìrì Lójú Fóònù, Kẹ́mísìrì Lójúkojú

Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ sí ní ọdún 1981, àti Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí, tí ó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí, ti ń tọ́ olùkọ́ dàgbà láti àwọn ọdún 1960, kò jìnnà púpọ̀ síra wọn. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì sì fà á gùn di oṣù Kejìlá, ìbéèrè kan náà ni àwa tí ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ìlú méjèèjì ń bi ara wa: ṣé a lè kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì láì rí ojú rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì gbà fún wọn, pàápàá nídìí títírésọ̀n. Ọmọ a fi ọwọ́ òsì di ẹnu búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí alkali wà nínú rẹ̀, mú, a máa fi ọ̀tún mi ìgò ìsàlẹ̀ yípo. Bí ẹ̀kán alkali bá ti bọ́ sínú ásíìdì tí a ti kán phenolphthalein sí, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ a yọ, a sì parẹ́. Èyí tí ó tẹ̀lé e a pẹ́ díẹ̀ kí ó tó lọ. Títí ọ̀kan yóò fi bọ́ tí àwọ̀ náà kò ní lọ mọ́. Bí ọmọ bá jẹ́ kí alkali kán kọjá ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ a pọ́n bíi sóbò, a di àtúnbẹ̀rẹ̀. Fídíò lè fi àwọ̀ yìí hàn dáadáa. Sùúrù ọrùn-ọwọ́ ni kò sí lójú fóònù.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, ta ni ń gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún? (Àwa olùkọ́ kì í fẹ́ kí a bi wá ní èyí.) Abiyamọ tí kò lè dé ní aago mẹ́jọ a dúró kí ọmọ sùn kí ó tó ṣí ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ọmọ etí òkun Ìlàjẹ tí ìtìjú kì í jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ láàárín èrò a tẹ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ lóru, èyí tí etí rẹ̀ wúwo a ka ohun tí a kọ sábẹ́ àwòrán. Ẹni tí kò rówó ra dátà ni ó kù sẹ́yìn, àti ẹni tí kò rí iná láti ìjẹta. Àánú wọn ṣe mí ju tìyókù lọ, nítorí wọn kì í sọ.

Èmi kò rí ìdí tí a ó fi fi ọ̀kan pa èkejì. Kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ sórí ẹ̀rọ, kí ẹni tí kò ní dátà gbà á lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú mẹ́mórì, kí a sì fi wákàtí tí mo fi ń pariwo nínú gbọ̀ngàn kún ti làbù, nítorí ní ọ̀pọ̀ làbù wa lónìí, ẹnì kan ni í di búrẹ́ẹ̀tì mú, àwọn yòókù a sì máa da ìṣirò rẹ̀ kọ.