Àwọn Abàmì Ẹ̀dá Tí Ń Pa Àwọ̀ Dà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà ní ọkàn àwọn ọmọdé, kí ó fi etí sí ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ní àkókò ìsinmi kan, ní Ìkéjì-Arákejì níbí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ń bẹ lábẹ́ ìtọ́jú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà nítorí eré kan tí wọ́n ń fi fóònù ṣe. Pokémon ni orúkọ eré náà. Ẹ̀gbọ́n wí pé àwọn abàmì ẹ̀dá ti àtijọ́ nìkan ni ó dára, àti pé ọgbọ́n ti tán lọ́wọ́ àwọn tí ń yà wọ́n. Àbúrò wí pé irọ́ ni. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá sí iwájú wa. A kì í dá ẹjọ́ ohun tí a kò mọ̀. Nítorí náà a ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwa pẹ̀lú.

Ilẹ̀ Jàpáànì ni eré yìí ti jáde ní ọdún 1996. Satoshi Tajiri ni ẹni tí ó ronú rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, a máa lọ sí inú pápá láti mú kòkòrò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti ń mú ìrẹ̀ àti tata; nígbà tí ó dàgbà, tí ilé sì ti gba pápá, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ìgboro pẹ̀lú mọ adùn nǹkan náà. Ken Sugimori ni olórí àwọn tí ó ya àwọn ẹ̀dá náà. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣeré ni kí ó máa rìn kiri, kí ó máa mú wọn, kí ó sì máa kó wọn jọ. 151 ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, wọ́n ti lé ní 1,000.

Ìdí kìn-ín-ní tí àwọ̀ wọn fi yí padà ni ohun èlò. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi kọ́kọ́ ṣe eré náà, Game Boy, kò lè fi ju àmì kéékèèké 160 hàn ní ìbú ojú rẹ̀, àti 144 ní òòró; àwọ̀ mẹ́rin péré ni ó sì ní, láti orí èyí tí ó mọ́ dé orí èyí tí ó dúdú. Olùkọ́ tí ó bá ti fi ṣọ́ọ̀kì ya màlúù sí ojú pátákó rí yóò mọ ohun tí à ń wí: ṣọ́ọ̀kì kì í gbà kí a ya irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹ wo Pikachu, eku tí mànàmáná ń ti ara rẹ̀ jáde: ní ìbẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ rí rogodo, agbára káká ni a fi ń rí ọrùn rẹ̀. Nígbà tí ó di ará inú àwòrán tí ń rìn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, díẹ̀díẹ̀ ni a mú kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, a fún un ní ọrùn àti ìbàdí, kí ó lè rọrùn láti mú un rìn. Nínú eré ti ọdún 2013, gbogbo wọn kúrò ní àwòrán pẹlẹbẹ, wọ́n dà bí ère tí a lè yí po kí a sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ọwọ́ ayàwòrán bọ́ sí ọwọ́ agbẹ́gilére, kò lè ṣàì ní ìyàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò gbà. Ó ní ẹranko ni àwọn ti àtijọ́, ṣùgbọ́n Trubbish tí ó dé ní ọdún 2010 jẹ́ àpò ìdọ̀tí, Klefki ti ọdún 2013 sì jẹ́ òrùka tí a so kọ́kọ́rọ́ mọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àbúrò rán an létí pé Voltorb, tí ó rí bí bọ́ọ̀lù, àti Magnemite, tí irin òòfà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wà nínú 151 àkọ́kọ́. A rí i báyìí pé ìgbà èwe rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń ṣàfẹ́rí. Àgbà mélòó nínú wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá ń fi orin ìsinsìnyí wé ti àtijọ́?

Ìdí kejì ni ilẹ̀ tí ẹ̀dá náà ń gbé. Nínú 151 àkọ́kọ́ ni Exeggutor wà, tí ó rí bí igi àgbọn tí ó ní ẹsẹ̀, tí àwọn èso rẹ̀ sì ní ojú àti ẹnu. Kò ga púpọ̀. Nínú eré ti ọdún 2016, tí a fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe àwòkọ́ Hawaii, ó di gíga fíofío, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ìtàn inú eré náà sì wí pé oòrùn ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó mú un dàgbà bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá mọ irú èyí. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, àwọn ìyá wa a máa sọ ìtàn egbére fún wa, ẹ̀dá kúkúrú tí ń ru ẹní kiri tí ó sì ń sunkún. Kò sí ẹni tí ó yà á hàn wá rí. Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ìjọ, tí àwa àti àwọn ọmọ ìlú mìíràn jọ ń sùn ní yàrá kan, a rí i pé egbére ti ẹnìkan pupa, ti ẹlòmíràn ní irun dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹní àti ẹkún kò yẹ̀ lára ọ̀kankan.

Ìdí kẹta wúwo ju méjì ìṣáájú lọ. Ẹ̀dá kan wà nínú àwọn ti àkọ́kọ́ tí à ń pè ní Jynx. A yà á bí obìnrin: irun rẹ̀ rí bí wúrà, ètè rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, àwọn òṣèré aláwọ̀ funfun a máa kun ojú wọn ní dúdú, wọn a sì kun ètè kí ó lè tóbi, láti fi ènìyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ ní orí ìtàgé. Ní ọdún 2000, Carole Boston Weatherford, òǹkọ̀wé obìnrin aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ náà, kọ̀wé pé Jynx jọ ohun yẹ̀yẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni a sọ ojú Jynx di elésè-àlùkò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìtàn yìí, ó wo àwòrán méjèèjì títí, ó sì wí pé èyí kì í ṣe ìbàjẹ́, àtúnṣe ni. Iyàn náà sì rọlẹ̀ láti ìgbà náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Àwa pẹ̀lú ní àwọn abàmì ẹ̀dá. Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, nínú èyí tí a ti pàdé Àgbákò, olójú mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwòrán sí i. Ní Òṣogbo, àwọn ọ̀dọ́ péjọ sí ilé Mbárí Mbáyọ̀ ti Dúró Ládípọ̀, níbi tí Georgina Beier ti kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà ní ọdún 1964. Ọ̀kan nínú wọn, Twins Seven Seven, ya àwọn iwin inú igbó, ó fi ọnà wínníwínní kún gbogbo ara wọn, orúkọ rẹ̀ sì kan káàkiri ayé kí ó tó kú ní ọdún 2011.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn ọ̀dọ́ wa léèrè pé báwo ni Àgbákò ti rí, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́. A kò bá wọn wí, nítorí ohun tí a kò fi han ọmọ, kò lè mọ̀ ọ́n. Ìdájọ́ wa nìyí: ẹ̀dá tí ń pa àwọ̀ dà ṣì ń bẹ láàyè, nítorí ọwọ́ ṣì ń yà á, ojú ń wò ó, ẹnu sì ń jiyàn lé e lórí. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà mọ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ń yà á, òun ni ó kú. Kí ẹ̀gbọ́n má sunkún nítorí Pikachu tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ó sunkún nítorí Àgbákò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ àwòrán bá kàn, ẹ ka ibi tí Àgbákò wà nínú ìwé Fágúnwà fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí olúkúlùkù ya tirẹ̀. Ẹ má ya ti yín sí ojú pátákó kí wọ́n tó parí, kí wọ́n má baà wò ó kọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi ẹ̀yà tàbí àbùkù ara ẹnikẹ́ni ṣe ohun ẹ̀rù nínú àwòrán yín. Ní ti ojú mẹ́rìndínlógún náà, ẹ kà wọ́n kí wọ́n pé. Ní ti bí wọn yóò ti máa wo ènìyàn, ọwọ́ yín ni ó kù sí.